Ta Ló Fi Fọ́múlà Yẹn Joyè Almighty?

Ṣàṣà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá SS2 ní Nàìjíríà tí kò mọ almighty formula. Bí ẹ bá jí i lóru, á kà á fún yín: minus b, plus or minus, square root b squared minus 4ac, gbogbo rẹ̀ lórí 2a. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti gbàgbé orúkọ ẹni tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ṣì lè kà á láìkọsẹ̀, bí ẹni ń ki oríkì ìdílé rẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni fọ́múlà náà ń ṣe gan-an, níbo ló ti wá, kí ló dé tí èsì rẹ̀ fi máa ń jẹ́ méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti pèsì jẹ.

Kò sẹ́ni tó ní kí ilé ẹ̀kọ́ má kọ́ ọmọ ní fọ́múlà. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n gbé e ṣáájú ohun tó bí i, wọ́n tún wá fi í joyè.

Ohun tó bí i kò le rárá. Ẹ wo x² − 10x + 21 = 0. Nọ́ńbà méjì péré ló wà tí a lè fi sí ipò x tí ọ̀rọ̀ náà á fi já sí òdo: 3 àti 7. Àwọn la ń pè ní gbòǹgbò ìdọ́gba náà. Ẹ ro 3 pọ̀ mọ́ 7, ó di 10. Ẹ wo 3 lọ́nà 7, ó di 21. 10 àti 21 yìí sì ti wà lójú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí bírò. Kì í ṣe èèṣì. Bí 3 àti 7 bá jẹ́ gbòǹgbò, a jẹ́ pé (x − 3)(x − 7) ni ìdọ́gba náà kí wọ́n tó tú u. Tí a bá tú u, x á pàdé x, a rí x². 3 àti 7 á kó ara wọn jọ síwájú x, a rí −10x. Wọ́n á tún sọ ara wọn di púpọ̀ lẹ́yìn, a rí 21. Níbikíbi tó bá ti jẹ́ x² lásán ló ṣáájú, nọ́ńbà tó wà níwájú x, tí a bá yí àmì rẹ̀ padà, ni àròpọ̀ gbòǹgbò méjèèjì, èyí tó dá dúró lẹ́yìn sì ni ìsọdipúpọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ 2x² tàbí 5x² ló ṣáájú, kí a kọ́kọ́ fi 2 tàbí 5 náà pín gbogbo rẹ̀ ni.

Ìṣirò 3 àti 7 yìí ti dàgbà. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 820. Ọkùnrin náà kò ní x, kò sì ní àmì ìdọ́gba. Ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ní kí a pín 10 sí méjì, ó di 5. Kí a wo 5 lọ́nà 5, ó di 25. Kí a yọ 21 kúrò, ó ku 4. Square root 4 ni 2. Tí a bá yọ 2 kúrò nínú 5, a rí 3. Tí a bá sì fi 2 kún 5, a rí 7. Ó wá ṣe ìkìlọ̀ kan: bí 25 yẹn bá kéré sí nọ́ńbà tí a fẹ́ yọ kúrò nínú rẹ̀, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ìṣirò náà kò ṣeé ṣe. Apá ńlá nínú ìwé náà dá lórí bí wọ́n ṣe ń pín ogún lọ́nà ti Ìsìláàmù, nítorí náà kì í ṣe ìwé àwọn tí kò rí nǹkan ṣe.

Òun náà bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé ayé ni. Wàláà amọ̀ kan wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, YBC 6967 lorúkọ tí wọ́n fi ń pè é, tí àwọn ará Bábílónì ìgbàanì kọ ní nǹkan bí 3,700 ọdún sẹ́yìn. Nọ́ńbà méjì ni akọ̀wé náà ń wá: ọ̀kan fi 7 ju èkejì lọ, ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 60. Òun náà pín 7 sí méjì, ó wo ìdajì náà lọ́nà ara rẹ̀, ó fi kún 60, ó sì rìn ín dé 12 àti 5. Kò sí fọ́múlà kankan níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ al-Khwarizmi yẹn ló yẹ ká gbé wá sí Èkó, torí owó wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀, pílọ́ọ̀tì kan máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120. Ká ní ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò dárúkọ gígùn, kò dárúkọ ìbú. Ohun tó sọ kò ju pé ògiri ọgbà tó yí ilẹ̀ náà po jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 360, àti pé ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 7,200. Ìdajì 360 ni 180, ìyẹn ni àròpọ̀ gígùn kan àti ìbú kan. 7,200 ni ìsọdipúpọ̀ wọn. Ẹ pín 180 sí méjì, ó di 90. 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8,100. Yọ 7,200, ó ku 900. Square root rẹ̀ ni 30. Ìbú jẹ́ 90 dín 30, ìyẹn 60. Gígùn jẹ́ 90 lé 30, ìyẹn 120.

Ó dáa. Kí oníjìbìtì kan wá dúró síwájú oníbàárà, kó máa búra pé ilẹ̀ onígun mẹ́rin tó gún régé, tí ọgbà rẹ̀ kò ju 360 náà lọ, fẹ̀ tó 9,000. Oníbàárà kò nílò láti kọ́kọ́ wá sọ̀fíyọ̀. 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8,100, a kò sì lè yọ 9,000 kúrò nínú 8,100 kó ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 180, ibi tí ìsọdipúpọ̀ wọn lè ga dé náà ni 8,100, nígbà tí àwọn méjèèjì bá dọ́gba ní 90. Kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyé. Irọ́ ni ọ̀gbẹ́ni náà ń pa. Nínú fọ́múlà olóyè wa, tí ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ ax² + bx + c = 0, b² − 4ac ló ń ṣe iṣẹ́ ìṣọ́ yìí. Mélòó nínú àwọn tó ń kà á lórí ló mọ̀ pé ohun tó ń béèrè kò ju pé, ǹjẹ́ àròpọ̀ yìí lè gba irú ìsọdipúpọ̀ yìí?

Ká sọ tòótọ́, ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tètè rí i ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, torí pé òǹkà wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ wo x² − 40x + 384 = 0. Nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ ogójì là ń wá. Agbedeméjì wọn ni ogún, ọ̀kan á dín ní ogún, èkejì á lé ní ogún, iye tó dín sì gbọ́dọ̀ bá iye tó lé mu. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ irínwó. Báwo la ṣe ń pe 384? Irínwó ó dín mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìndínlógún tó dín yẹn ni mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Gbòǹgbò méjèèjì ti jáde nìyẹn: mẹ́rìndínlógún àti mẹ́rìnlélógún, ogún ó dín mẹ́rin, ogún ó lé mẹ́rin. Ẹ tún dán 391 wò. Irínwó ó dín mẹ́sàn-án ni, mẹ́sàn-án sì ni mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Àwọn tó bí i ni mẹ́tàdínlógún àti mẹ́tàlélógún. Àrà yìí ní ààlà o. Tí a bá ti dé márùn-ún, 25 kì í ṣe ogún ó lé márùn-ún mọ́, ọgbọ̀n ló ti ń dín. Ṣùgbọ́n tíṣà tó bá fi mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì, tó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹnu ara wọn pe nọ́ńbà náà ní Yorùbá, ti fi ohun tó wà lábẹ́ gbogbo quadratic equation hàn wọ́n, láìtíì kọ lẹ́tà kan sójú pátákó.

Àwọn tíṣà ní àwíjàre kan, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní wíwá nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ báyìí, tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ báyìí, ìméfò ni; ó máa ń dùn nígbà tí nọ́ńbà bá gún, bí ti 3 àti 7, ṣùgbọ́n kí ìdánwò gbé x² − 6x + 7 = 0 jáde báyìí, ọmọ á máa méfò títí aago á fi lù. Fọ́múlà ní tirẹ̀ kì í já ènìyàn kulẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìméfò. Àmọ́ ta ló ní kí ọmọ máa méfò? Àròpọ̀ jẹ́ 6, agbedeméjì jẹ́ 3, 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, yọ 7, ó ku 2. Gbòǹgbò méjèèjì ni 3 dín √2 àti 3 lé √2. Ó tán. Ọ̀nà kan náà tó ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ Èkó ló ṣiṣẹ́ fún nọ́ńbà tí kò gún.

Ní 2019, Po-Shen Loh, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Carnegie Mellon tó tún ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń lọ fún ìdíje ìṣirò àgbáyé nígbà náà, gbé ọ̀nà yìí jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó yẹ kí a máa gbà kọ́ni. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo pé wọ́n ti rí ọ̀nà tuntun. Loh fúnra rẹ̀ kò pè é ní tuntun tó bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ka sí àwọn ará Bábílónì àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ há fọ́múlà sórí nígbà tó lè ronú rẹ̀ dé ibẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ fọ́múlà náà fi lẹ́tà ṣe ohun tí a fi nọ́ńbà ṣe: àròpọ̀ jẹ́ −b/a, agbedeméjì jẹ́ −b/2a, lọ́nà ara rẹ̀ ó di b²/4a², yọ c/a, wá square root ohun tó kù, fi kún agbedeméjì, kí o sì tún yọ ọ́. Almighty formula ló dúró níwájú rẹ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ibi tí wọ́n gbé e sí. Nínú ìṣirò gbogbogbòò, wọ́n á fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá fún ọmọ ní gbòǹgbò méjì pé kó fi kọ ìdọ́gba. Ibi tí wọ́n ti tú u palẹ̀ ni Further Mathematics, iṣẹ́ tí kì í ṣe dandan, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì ní ṣe láé. Níbẹ̀ ni alpha àti beta ń gbé. Wọ́n á ní: alpha àti beta ni gbòǹgbò x² − 5x + 3 = 0, wá alpha² + beta². Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé fọ́múlà á kọ́kọ́ rí 5 lé √13 lórí 2 àti 5 dín √13 lórí 2, á wá kó àwọn méjèèjì sínú àkámọ́, á sọ wọ́n di púpọ̀, á rò wọ́n pọ̀, òógùn á ti bò ó. Ẹni tó mọ̀ pé àròpọ̀ jẹ́ 5, ìsọdipúpọ̀ sì jẹ́ 3, á wo 5 lọ́nà 5, á yọ 3 lọ́nà méjì, á kọ 19, á sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Kò tilẹ̀ mọ ohun tí alpha jẹ́, kò sì ní í mọ̀.

Ọmọ tí kò ní ṣe Further Mathematics náà nílò rẹ̀, ó kéré tán láti fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nínú fọ́múlà ni kí ọmọ gbàgbé minus tó wà níwájú b. Á ṣe x² − 7x + 12 = 0, á kọ −3 àti −4, á sì fi ìdùnnú fà á nílà lábẹ́. Bó bá ro méjèèjì pọ̀, á rí −7. Ó sì yẹ kó jẹ́ 7, torí a gbọ́dọ̀ yí àmì padà. Àyẹ̀wò náà kò gba àkókò tí wọ́n fi ń pọ́n pẹ́ńsù.

Fọ́múlà náà tilẹ̀ máa ń parọ́ nígbà mìíràn, ìyẹn tí wọ́n bá gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí àwọn oníṣòwò ń lò, irú èyí tí ojú rẹ̀ kò gbà ju nọ́ńbà mẹ́jọ lọ, kí ẹ fi ṣe x² − 3000x + 1 = 0. 3000 lọ́nà 3000 jẹ́ 9,000,000. Yọ 4, ó ku 8,999,996. Ẹ tẹ √, ẹ̀rọ á kọ 2999.9993. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 3000, ó ku 0.0007, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.00035. Gbòǹgbò kékeré nìyẹn, ni ẹ̀rọ wí. Kì í ṣe òun. Gbòǹgbò gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 0.000333 lọ. Nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni wọ́n yọ kúrò nínú ara wọn, gbogbo nọ́ńbà tó ní ìtumọ̀ sì bá ìyọkúrò náà lọ. Ẹ wá gba ọ̀nà kejì. Gbòǹgbò ńlá kò fa wàhálà, nítorí àròpọ̀ ni wọ́n fi ń wá a: 3000 lé 2999.9993, pín sí méjì, ó jẹ́ nǹkan bí 2999.9996. Ìsọdipúpọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 1, nítorí náà kí ẹ fi gbòǹgbò ńlá pín 1. Ẹ̀rọ kan náà, tí kò yí padà, á kọ 0.0003333. Àwọn tó ń kọ ètò ìṣirò sínú kọ̀ǹpútà mọ àrékérekè yìí dáadáa, ọ̀nà kejì yìí gan-an ni ìwé wọn sì ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa gbà.

Ẹni tí wọ́n sábà ń fi orúkọ rẹ̀ pe àjọṣe gbòǹgbò àti nọ́ńbà inú ìdọ́gba ni François Viète, agbẹjọ́rò ará Faransé kan tí wọ́n bí ní 1540. Iṣẹ́ ọba ló ń ṣe. Lábẹ́ Henri IV, òun ló ń tú àwọn lẹ́tà àdììtú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Spéìn. Ní 1591 ó tẹ ìwé kan jáde tó fi lẹ́tà dúró fún nọ́ńbà, fáwẹ̀lì fún èyí tí a ń wá, kọ́ńsónáǹtì fún èyí tó wà lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ojú là. Nínú 10 àti 21, a lè má mọ ibi tí 10 ti wá. Nínú lẹ́tà, kò sí ibi tí yóò sá pa mọ́ sí. Ìwé tó ti kọ àjọṣe náà sílẹ̀ kò jáde títí ó fi kú ní 1603. Alexander Anderson, ará Skọ́tílándì, ló tẹ̀ ẹ́ ní 1615. Viète kò gba nọ́ńbà òdì sí gbòǹgbò. Al-Khwarizmi náà kò gbà á: ó ṣe x² + 10x = 39, ó rí 3, ó sì dúró síbẹ̀. Albert Girard ló gba gbogbo gbòǹgbò wọlé ní 1629, òdì àti èyí tó rú ni lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò kejì tí al-Khwarizmi fi sílẹ̀ ni −13. Ẹ ro ó mọ́ 3, ó di −10. Ẹ wò ó lọ́nà 3, ó di −39. Ó bá a mu rẹ́gí.

Oyè tí wọ́n fi fọ́múlà náà jẹ wá kù. Ìdọ́gba kì í parí sí x². Àwọn ará Ítálì rí fọ́múlà fún x³ àti x⁴, Gerolamo Cardano sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1545. Wọ́n wá fọ́múlà x⁵ títí, ó lé ní 200 ọdún, pàbó ló já sí. Ní 1824, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Norway kan, Niels Henrik Abel, fi hàn pé kò sí irú fọ́múlà bẹ́ẹ̀: kò sí bí a ṣe lè ro, ká yọ, ká sọ di púpọ̀, ká pín, ká sì wá root tó, tó fi máa yanjú gbogbo ìdọ́gba onípò karùn-ún. Ibẹ̀ ni agbára fọ́múlà pin sí. Àjọṣe gbòǹgbò kò pin ní tirẹ̀. Ì báà jẹ́ x⁵, ì báà jẹ́ x⁴⁵, tó bá jẹ́ x lásán ló ṣáájú láìsí nọ́ńbà níwájú rẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ṣì ni àròpọ̀ gbogbo gbòǹgbò pẹ̀lú àmì tí a yí padà, nọ́ńbà ìkẹyìn ṣì ni ìsọdipúpọ̀ gbogbo wọn, àmì nìkan ló lè yí. A lè má rí gbòǹgbò kan ṣoṣo, ká sì mọ àròpọ̀ gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ oyè almighty la fẹ́ fi ẹnì kan jẹ nínú ìdílé yìí, a ti gbé adé náà fún ọmọ, a fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò béèrè ìwé tuntun, kò sì ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ SS2 kan náà ni, ìtẹ̀léra rẹ̀ ni kí wọ́n yí padà. Kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì tí àwọn ọmọ yàn fúnra wọn, kí wọ́n sọ wọ́n di ìdọ́gba, kí wọ́n gbé e fún aládùúgbò wọn lórí bẹ́ǹṣì pé kó wá nọ́ńbà náà. Kí agbedeméjì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ogún ó dín àti ogún ó lé, lẹ́yìn náà kí ilẹ̀ àti ọgbà dé. Kí wọ́n mú alpha àti beta kúrò nínú àtìmọ́lé Further Mathematics wá sí ìta. Fọ́múlà lè wá lẹ́yìn gbogbo èyí, nígbà tí ọmọ bá ti lè fi lẹ́tà kọ ọ́ jáde fúnra rẹ̀ lójú pátákó, kí tíṣà sì sọ fún un níbẹ̀ pé ó lè máa lò ó nígbà tí kò bá ráyè ronú.